“Ilé bàbá mi ni mo fẹ́ẹ́ rí, kì í ṣe ibojì”: Màmá Júù tó ń múra Ìrékọjá lọ sí Kraków

Láti Lọ́ńdọ̀nù lọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ti wá, ọ̀rọ̀ àwọn Júù sì ni, àmọ́ ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà lọ́hùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ kéà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wà lọ́dọ̀ màmá Júù kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún dáadáa. Òun ló ń fún un lóògùn, òun ló ń bá a wá bàtà, òun náà ló sì ń gbọ́ gbogbo ìjà ìdílé wọn. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ẹni tó ń gbé tíì wọlé láàárọ̀ tó tún ń gbé e wọlé lálẹ́, kò sí àṣírí ẹbí tí kò ní í ta sí i létí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ló pè mí. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ gbà mí o. Wọ́n ń jà nílé Màmá. Màmá láwọn máa lọ ṣe Ìrékọjá ní Pólándì, ọmọọmọ wọn ní ọjọ́ ò bá ara mu, ọmọ wọn ọkùnrin ní kẹ́nikẹ́ni má dárúkọ Pólándì fóun. Èmi tí mi ò mọ̀dí ọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n wá máa bá wọn ka kàlẹ́ńdà!” Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tó fi máa sọ ọ́ tán, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe tò ó fún mi.

Bàbá tó bí màmá yìí lọ́mọ, ọmọ ìlú Kraków ni, ní Pólándì. Télọ̀ ni. Ọdún 1936 ló bá iṣẹ́ wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ ló bí Màmá sí. Àwọn òbí ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀ mẹ́rin kù sílé. Lọ́dún 1939, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ Pólándì. Lásìkò yẹn, àwọn Júù tó wà ní Kraków lé ní 60,000, bẹ́ ẹ bá ka èèyàn mẹ́rin nígboro, Júù ni ẹnì kan nínú wọn. Nínú oṣù kẹta, ọdún 1941, wọ́n kó wọn há ọgbà olódi kan ní Podgórze, lódì kejì odò Vistula. Nínú oṣù kẹta, ọdún 1943, wọ́n tú ọgbà ọ̀hún ká. Àwọn tí wọ́n pa, ojú títì ni wọ́n pa wọ́n sí. Àwọn tí wọ́n kó, àgọ́ Płaszów àti Auschwitz ni wọ́n kó wọn lọ. Látìgbà náà, lẹ́tà kankan ò wá sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Bàbá télọ̀ náà ò sì dárúkọ ìlú ẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ìwọ̀nba ohun tí Màmá mọ̀, ó jí i gbọ́ ni, nígbà tí ìyá ẹ̀ àtàwọn àlejò bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní kíṣínì.

Ẹ óò ní kí ló wá kan Ìrékọjá nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé ẹ̀kọ́ Sánńdè mọ ìtàn náà, ẹ̀yin Mùsùlùmí náà sì mọ ti Ànábì Mùsá pẹ̀lú Fáráò. Òru ọjọ́ táwọn ọmọ Ísírẹ́lì kúrò lóko ẹrú ní Íjíbítì, wọn ò ráyè dúró kí búrẹ́dì wú. Ìdí nìyẹn táwọn Júù fi ń jẹ àkàrà àìwú títí dòní. Lálẹ́ tí àjọ náà bá wọlé, gbogbo ilé á jókòó yí tábìlì ká, alẹ́ Sédà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á jẹ ewébẹ̀ kíkorò nítorí ìyà tí wọ́n jẹ, wọ́n á mu ife wáìnì mẹ́rin, ọmọ tó bá kéré jù á wá béèrè pé kí ló dé tí alẹ́ yìí fi yàtọ̀ sáwọn alẹ́ tó kù. Àgbà gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ìwé Ẹ́kísódù ló pa á láṣẹ pé kí òbí sọ ìtàn náà fún ọmọ ẹ̀.

Màmá ní òun lòun kéré jù nílé àwọn, òun lòun máa ń béèrè lọ́dọọdún. Bàbá òun á dáhùn ti Íjíbítì dáadáa. Tóun bá wá bi í pé, “Bàbá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé yín?” ọkùnrin náà á dìde, á ní òun fẹ́ẹ́ wo bóyá ilẹ̀kùn wà ní títì. Màmá ní òun ò gbọ́ ìdáhùn yẹn títí dòní, òun fẹ́ẹ́ lọ béèrè ẹ̀ nílé wọn gan-an, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa ń béèrè ẹ̀, kóun tó kú. Ẹ gbọ́ nǹkan!

Ọmọọmọ ẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ gbé kàlẹ́ńdà 2026 sílẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ òfin àjọ náà kẹ́ ẹ tó bá wọn kà á. Lẹ́yìn odi Ísírẹ́lì, ọjọ́ mẹ́jọ ni Ìrékọjá. Méjì àkọ́kọ́ àti méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọjọ́ mímọ́. Ẹni tó bá ń pa òfin mọ́ kì í wọ ọkọ̀ láwọn ọjọ́ náà, kì í náwó, kì í kọ̀wé, kì í tẹ fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àárín àjọ nìkan ni wọ́n ti lè rìnrìn àjò.

Ó yá, ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ 1, oṣù kẹrin ni Ìrékọjá 2026 wọlé. Tọ́sìdeè àti Fúráìdeè, ọjọ́ mímọ́. Sátidé, ọjọ́ ìsinmi wọn ni. Sánńdè, ọjọ́ 5, ó bọ́ sọ́jọ́ Àjíǹde àwọn Krìsìtẹ́nì, ìjọ Àgùdà ló sì pọ̀ jù ní Pólándì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló máa ń tì. Kódà ọgbà Auschwitz tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń tì í láàárín ọdún, ọjọ́ Àjíǹde wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mọ́ńdè, ọlidé tún ni, àwọn ọmọ Pólándì máa ń da omi síra wọn lára lọ́jọ́ náà, ta ló máa mú arúgbó jáde sírú ẹ̀? Ó ku Túsìdeè. Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè, ọjọ́ mímọ́ tún ti dé. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọjọ́ mẹ́jọ! Wọ́n fẹ́ẹ́ san owó bàálù èèyàn mẹ́rin torí Túsìdeè kan.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ọmọkùnrin Màmá fi dá sí i. Látọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀, ìran Áárónì ni, ìran àlùfáà. Ọkùnrin tó bá ti ìran náà wá kì í wọ itẹ́ òkú. Yàtọ̀ síyẹn, inú oṣù Nísánì ni Ìrékọjá máa ń bọ́ sí, oṣù ayọ̀ ni lójú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í lọ síbi ibojì nínú oṣù náà. Ló bá ní, “Kí la wá fẹ́ẹ́ lọ wò? Ìlú tó jẹ́ pé ibojì ló kù wá síbẹ̀. Èmi ò lè wọ̀ ọ́, ọdún ò sì jẹ́ kẹ́yin náà wọ̀ ọ́.” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ni, kì í ṣe pé ó fẹ́ẹ́ rí ìyá ẹ̀ fín.

Ọmọbìnrin náà ní kò sí wàhálà, kí wọ́n sún un sí 2027. Oṣù àwọn Júù ń tẹ̀ lé òṣùpá, torí náà láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, wọ́n á fi odidi oṣù kan kún ọdún kó má baà sá kúrò lásìkò. 2027 bọ́ sí irú ọdún bẹ́ẹ̀. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 28, oṣù kẹta, Ìrékọjá ò ní í wọlé títí di alẹ́ ọjọ́ 21, oṣù kẹrin. Sánńdè, Mọ́ńdè àti Túsìdeè tó wà láàárín àjọ á ṣófo pátá, kò ní í sí ọlidé kankan nínú ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ dùn bó ṣe ń ṣàlàyé.

Màmá bá gbójú sókè. Ó ní, “Ta ló fún yín ní 2027?”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Òun tóun ń fọ abọ́, òun ò lè pa omi, òun ò sì lè jẹ́ kó máa dà. Ṣé ẹ rí i, ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹni tó ní ìrìn àjò kò ní ọjọ́ púpọ̀ mọ́, ọjọ́ tó sì wà nílẹ̀ kò dáa. Tí wọ́n bá kánjú lọ, Túsìdeè kan ni wọ́n máa rí. Tí wọ́n bá dúró de ọdún tó dáa, wọ́n lè má rí Màmá mú lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Màmá gbà. Àmọ́ ó bá wọn ṣàdéhùn. Ó ní òun á dúró, ṣùgbọ́n láti Sánńdè tó ń bọ̀ lọ, kí wọ́n máa wá jókòó ti òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa béèrè, kí wọ́n sì máa gbà á sílẹ̀ sínú fóònù. Ó ní, “Tí mo bá dé Kraków, mo dé ọ̀hún. Tí mi ò bá sì dé, ẹ̀yin á kúkú mọ ilé tẹ́ ẹ̀ ń lọ.” Ọmọkùnrin tó ní kí wọ́n má dárúkọ Pólándì fóun, òun ló kọ́kọ́ dé ní Sánńdè àkọ́kọ́.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan. Ọmọọmọ yìí ti lo oṣù mẹ́fà nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wá àkọsílẹ̀ ìbí bàbá Màmá, kò rí i. Òfin Pólándì ni pé tí ìwé ìbí bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ti ìgbéyàwó tàbí ikú sì pé ọgọ́rin, wọ́n á kó o lọ sílé tí ìjọba ń kó àwọn ìwé àtijọ́ sí. Ọdún 1911 ni wọ́n bí bàbá náà, ìwé ẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀. Ó fi orúkọ ìdílé tí wọ́n ń jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wá a, kò sí. Ó fi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lédè Pólándì wá a, kò sí. Ó ti fẹ́ẹ́ gbà pé iná ogun ló jó o.

Sánńdè kẹta, Màmá ń sọ ọ̀rọ̀ mí-ìn lọ ni, ó kàn mẹ́nu bà á pé orúkọ ìdílé ìyá tó bí bàbá òun lọ́mọ ni wọ́n fi ń pè é nílé ìwé, pé ọ̀rọ̀ náà máa ń bí i nínú. Ọmọbìnrin náà fò dìde. Ẹ óò bi mí pé kí ló gbọ́. Títí di 1918, abẹ́ ìjọba Austria ni apá ibẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ Júù ìgbà náà, iwájú rábì nìkan ni wọ́n ti ń ṣègbéyàwó, wọn kì í lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Lójú ìjọba, wọn ò tíì gbéra wọn níyàwó nìyẹn, orúkọ ìdílé ìyá ni wọ́n sì máa ń kọ mọ́ ọmọ lára. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fi orúkọ ìdílé ìyá àgbà wá a, kò tó wákàtí kan tó fi jáde: orúkọ bàbá Màmá, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti nọ́ńbà ilé ní òpópónà Józefa, àdúgbò Kazimierz. Màmá ní kí wọ́n bá òun ka nọ́ńbà ilé náà léraléra. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n jẹ́ kóun sùn.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ilé ìrántí Yad Vashem tó wà ní Jerúsálẹ́mù ní ibì kan tí wọ́n ń kó orúkọ àwọn tí wọ́n pa sí, ó ti ju mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ èèyàn wọn tó kú lè gba fọ́ọ̀mù, kó kọ orúkọ, ìlú àti orúkọ òbí onítọ̀hún sí i. Nínú àwọn àbúrò mẹ́rin tí bàbá télọ̀ fi sílẹ̀, orúkọ méjì ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn méjì tó kù, ibì kan ṣoṣo tí orúkọ wọn wà láyé ni orí Màmá. Ká ní Màmá ti kú, wọ́n parẹ́ nìyẹn. Òun ló pe orúkọ wọn, ọmọọmọ kọ ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di ìwé mú fún un tó fi tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ètò ìrìn àjò náà gan-an wá ń lọ bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ ń bá irú àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí dáadáa, ó lè wúlò.

Sánńdè, ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, ọdún 2027 ni wọ́n fẹ́ẹ́ wọ bàálù lọ sí Warsaw, olú ìlú Pólándì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ náà ni. Ọjọ́ 19, oṣù kẹrin, ọdún 1943, ọjọ́ tí Ìrékọjá fẹ́ẹ́ wọlé lálẹ́, làwọn ọmọ ogun Jámánì wọ àdúgbò tí wọ́n há àwọn Júù mọ́ ní Warsaw láti wá kó àwọn tó ṣẹ́kù. Lọ́dún 1942, wọ́n ti kó àwọn tó lé ní 250,000 níbẹ̀ lọ sí Treblinka lọ pa. Àwọn ọ̀dọ́ tó kù, tí ìbọn ọwọ́ wọn ò tó nǹkan, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n bá wọn jà fún bí oṣù kan. Títí dòní, àwọn èèyàn máa ń fi òdòdó oníwèé aláwọ̀ ìyeyè sáyà lọ́jọ́ náà ní Warsaw. Lọ́dún 2027, Mọ́ńdè ni, bó ṣe jẹ́ Mọ́ńdè lọ́dún 1943. Lójú ibi tí wọ́n ti jà yẹn ni mùsíọ́mù POLIN wà. Ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún táwọn Júù fi gbé ní Pólándì ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ti ikú wọn nìkan. Ẹ má lọ ní Túsìdeè o, wọ́n máa ń tì í.

Túsìdeè, wọ́n á wọkọ̀ ojú irin lọ sí Kraków, bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ ni. Ibi tó gba ọgbọ́n ni hòtẹ́ẹ̀lì. Sédà á wáyé ní Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè, Sátidé sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí kò sí pé à ń wọkọ̀. Ọmọọmọ ní ọjọ́ mẹ́ta ti ṣòfò nìyẹn. Màmá ní, “Ta ló sọ fún ẹ? Ẹsẹ̀ ò kúkú sí nínú òfin.” Ìyẹn ni wọ́n fi gba yàrá sínú Kazimierz fúnra ẹ̀. Láti 1495 làwọn Júù ti ń gbé àdúgbò náà, sínágọ́gù àtijọ́ méje ló ṣì dúró níbẹ̀, kò sì sí èyí tí arúgbó ò lè fi ọ̀pá rìn dé tó bá ń sinmi lọ́nà. Òpópónà Józefa náà ò jìnnà. Ọjọ́ mẹ́ta tí kò sí ọkọ̀, tí kò sí fóònù, tí kò sẹ́ni tó máa ya fọ́tò, kí ni wọ́n fẹ́ẹ́ ṣe ju kí wọ́n rìn dé iwájú ilé, kí Màmá sì máa sọ̀rọ̀? Ọjọ́ tí wọ́n rò pé ó ṣòfò, òun gan-an ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ lọ.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbà, torí Màmá kò ní í tẹ bọ́tìnì ẹ̀lífétọ̀ lọ́jọ́ mímọ́. Wọ́n béèrè ilẹ̀kùn tó ń lo kọ́kọ́rọ́ gidi, torí káàdì tó ń lo iná ò bá òfin wọn mu. Gbogbo owó ni wọ́n máa san sílẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó wọ̀. Àwọn Júù tó wà ní Kraków lónìí ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣe Sédà papọ̀, ẹni tó bá fẹ́ àyè níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè kọ̀wé sí wọn.

Oúnjẹ ń kọ́? Ibi tí wọ́n ti máa ń fi ojú àlejò gbolẹ̀ nìyẹn. Ní Kazimierz, ẹ óò rí ilé oúnjẹ tí wọ́n kọ lẹ́tà Hébérù sára ẹ̀, tí wọ́n ń kọ orin Júù níbẹ̀, tí oúnjẹ ibẹ̀ ò sì bá òfin Júù mu rárá. Orin ò kúkú sí nínú ìkòkò. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ rábì kẹ́ ẹ tó jókòó. Lásìkò Ìrékọjá, ó tún le sí i. Àkàrà àìwú wọn, ìyẹ̀fun àti omi nìkan ni, láàárín ìṣẹ́jú 18 sì ni ó gbọ́dọ̀ ti wọ iná. Búrẹ́dì, bisikíìtì, bíà, kò gbọ́dọ̀ sí nínú yàrá. Àwọn Júù tó wá láti ìhà Pólándì kì í tún jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà lásìkò náà, bẹ́ẹ̀ àwọn Júù kan tó wá láti ìhà mí-ìn ń jẹ ìrẹsì tiwọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kò lè ṣe ọjọ́ méjì láìjẹ ìrẹsì bá béèrè pé ta ló ṣe irú òfin yẹn. Ni wọ́n bá ní rábì kan tó ń jẹ́ Moses Isserles ni, tó kú lọ́dún 1572. Àṣà náà ti wà kó tó dé, òun ló kọ ọ́ sínú ìwé òfin tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ibo ló gbé? Kazimierz ni! Ẹ̀gbẹ́ sínágọ́gù tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ gan-an ni ibojì ẹ̀ wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, tóun bá débẹ̀, òun á kí bàbá náà, òun á sì bá a sọ ọ̀rọ̀ ìrẹsì.

Màmá tún ti ń múra àtidi ọbẹ̀ adìyẹ sínú kúlà. Wọ́n ní kó gbàgbé ẹ̀. Láti ìgbà tí Bìrìtìkó ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, arìnrìn-àjò ò gbọ́dọ̀ gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe wọbẹ̀ láti Bìrìtìkó, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á. Àkàrà àìwú, ìkòkò tuntun kan àti abọ́ ni wọ́n máa gbé. Ẹran, wọ́n á ránṣẹ́ rà á sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí rábì fọwọ́ sí.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ ló kù. Màmá àtàwọn ọmọ ẹ̀ ní páásì Bìrìtìkó, wọn ò nílò físà. Páásì aláwọ̀ ewé tiwa ló wà lọ́wọ́ òun, ó gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Kò lè kọ̀wé gbà á ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15 kó tó ṣe é. Owó ẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìṣúrá ìrìn àjò tó tó 30,000 yúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé “ọ̀gá mi ti sanwó gbogbo ẹ̀”, ẹ rántí pé ọ̀gá ò lè fi páásì tiẹ̀ gbé yín kọjá.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà, òun ló tún mú kí ohùn ròkè. Auschwitz. Láti Kraków, kò ju bíi 70 kìlómítà lọ. Bíi mílíọ̀nù kan àti 100,000 èèyàn ni wọ́n pa síbẹ̀, bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn jẹ́ Júù. Ọmọọmọ ní báwo làwọn ṣe máa dé Kraków tí àwọn ò ní í débẹ̀? Pé ẹ̀gàn ni. Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá ní, “Gbogbo ayé mọ ibi tí wọ́n ti pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbé. Ìwọ, ẹsẹ̀ ẹ ṣì gbé e, wàá padà wá lásìkò mí-ìn, wàá lọ síbẹ̀, ó sì yẹ kó o lọ. Èmi, ìrìn kan ló kù fún mi. Ilé bàbá mi ni mo fẹ́ẹ́ rí, kì í ṣe ibojì. Ọdún la fẹ́ẹ́ lọ ṣe.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sánńdè àti Mọ́ńdè àárín àjọ, wọ́n á sọdá odò lọ sí Podgórze, wọ́n á dúró níbi tí wọ́n to àga onírin sí fún ìrántí àwọn tí wọ́n kó lọ. Túsìdeè, ọjọ́ 27, wọ́n á wọ bàálù padà, kí ọjọ́ mímọ́ tó kẹ́yìn lè bá wọn nílé. Arúgbó ni, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tá a tún sọ̀rọ̀, mo ní, “Ṣé o rò pé Màmá á débẹ̀ báyìí?” Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní, “Àǹtí mi, mi ò mọ̀. Eékún ń yọ wọ́n lẹ́nu, oorun wọn ò sì pé mọ́. Àmọ́ Sánńdè tó kọjá, ọmọ kékeré ilé, ọmọ ọdún méje, ló bi wọ́n pé, ‘Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe Ìrékọjá nílé bàbá yín?’ Wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Gbogbo ohun tí wọ́n jí gbọ́ ní kíṣínì nígbà yẹn, wọ́n tò ó jọ, ó di odidi ìtàn.”

Èmi rò pé ìrìn àjò náà ti dé ibi tó ń lọ, bí bàálù ò tilẹ̀ tíì gbéra. Tíkẹ́ẹ̀tì ṣeé rà lọ́la, físà ṣeé gbà lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnu àgbà nìkan ni kò ní ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Bó bá jẹ́ pé ìwọ náà ní arúgbó kan nílé tó ń sọ pé òun fẹ́ẹ́ fojú kan ibì kan kóun tó kú, má kọ́kọ́ sáré wá owó bàálù. Fa àga sún mọ́ ọn. Béèrè orúkọ ìyá ìyá ẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ná o.